Ẹ jẹ́ ká yọ "òfo" kúrò nínú orúkọ yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì, orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún ibi tí a kò tẹ nǹkan kan sí lórí pósítà tàbí báńà: "àyè funfun", "àlàfo" àti "àyè òfo". Bàbá wa ní Ṣágámù ló mú èyí tó kẹ́yìn wá, ọ̀pọ̀ yín sì ti gbà á. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá, n kò lè gbà á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì.

"Àyè funfun" kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí báńà aláwọ̀ ewé náà ní àyè tirẹ̀. "Àlàfo" sàn díẹ̀, àmọ́ dídí ni à ń dí àlàfo. "Òfo" ló burú jù, nítorí ẹni tó pòfo, àdánù ló bá a. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde bí Ojúde Ọba bá ń sún mọ́lé. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu) á fẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, àwòrán Awùjalẹ̀, àwòrán gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti àdúrà lórí báńà kan ṣoṣo. Bí igun kékeré bá ṣẹ́kù, wọ́n á ní kí wọ́n fi òdòdó dí i, torí owó odindi báńà làwọn san. Ọmọ iṣẹ́ tí a ti kọ́ pé "òfo" nibẹ̀ ń jẹ́, kí ni yóò fi dá wọn lóhùn?

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gidi nibẹ̀ ń ṣe. Òun ló ń jẹ́ kí ojú mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ balẹ̀ sí, òun ló sì ń fi hàn pé ọjọ́ àti ibi ayẹyẹ jọ ń rìn, pé nọ́ńbà fóònù dá dúró. Jan Tschichold, ará Jámánì tó ń ṣètò lẹ́tà àti ojú ìwé, ti jà fún un ní 1928. Àwọn tó ń hun ìtagbè, aṣọ oyè, fáwọn olóyè Òṣùgbó (Ògbóni) nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níhìn-ín náà mọ̀ ọ́n: wọ́n ń fi ibi tí kò lọ́nà sílẹ̀ lára aṣọ, kí ọnà tó wà níbẹ̀ lè yọ.

Torí náà, "ìsinmi-ojú" ni mo mú wá. Àǹtí wa ní Ìkẹ́nnẹ́ ní "àyè" lásán ti tó. Lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó tó. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, ọmọ iṣẹ́ nílò orúkọ tí yóò sọ fún un ìdí tí kò fi gbọdọ̀ dí i.

Lórí "ìtakora", orúkọ mìíràn tó wà nílẹ̀ fún bí àwọ̀ méjì ṣe yàtọ̀ síra, bíi dúdú lórí yẹ́lò: ìjà kọ́ ni wọ́n ń jà, ńṣe ni ọ̀kan ń gbé èkejì yọ. "Ìyàtọ̀ gedegbe" tẹ́ mi lọ́rùn. "Ìtò" (títo nǹkan létòlétò) àti "ìsúnmọ́ra" (fífi ohun tó jọ ń rìn súnmọ́ra) dára bẹ́ẹ̀, n kò ní àríyànjiyàn lórí wọn.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju "ìsinmi-ojú" lọ, tí kò sì ní àdánù nínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.