Pẹtiróòlù ni àbí dísù, fún èèyàn tí mọ́tò ẹ̀ kì í rìn jìnnà?

IyaIbeji_Thamesmead

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kówó sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà nílé wa. Mọ́tò mi àtijọ́ ti kú pátápátá, MOT tó ṣe kẹ́yìn, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò tọdọọdún, ni wọ́n ti ní ká máa gbé e lọ, mo wá fẹ́ ra òmíì, àlòkù náà ni o, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju £4,000 lọ. Thamesmead ní London la wà. Ibi tí mọ́tò yìí máa ń lọ ò pọ̀: ibi iṣẹ́ mi ní Woolwich, bíi máìlì mẹ́ta ni, náìtì mẹ́ta ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday ní Old Kent Road. Ọjà, àti súkúrù àwọn ọmọ tójò bá ń rọ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ tó máìlì kan. A sì máa ń lọ kí àǹtí mi ní Manchester lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lánàá, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ju máìlì 3,500 lọ lọ́dún kan.

Bàbá àwọn ọmọ wá ní dísù ni ká rà, pé epo ẹ̀ kì í tètè jó, pé táǹkì kan la máa fi lọ Manchester tá a máa fi bọ̀. Bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti kó lọ sí Gravesend sì ní ọ̀kan tó fẹ́ tà, mọ́tò yẹn mọ́ nini, ìjókòó ẹ̀ ṣì ń dán, £3,200 ló ní ká mú wá, ó tún ní road tax ẹ̀ ò ju owó ata lọ. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo ṣáà máa ń gbọ́ pé dísù ò fẹ́ràn ìrìn kúkúrú. Ṣé òótọ́ ni àbí ẹnu lásán? Ẹ bá mi dá sí i.

Omo_Ijebu_SE18

Pẹtiróòlù. Máìlì mẹ́ta lọ máìlì mẹ́ta bọ̀, kí lẹ fẹ́ fi dísù ṣe, ṣé sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́ máa kó ni?

Baba_Spanner

Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni o, ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Àwọn dísù ayé ìsinsìnyí ní fílítà kan lára sálẹ́ńsà wọn tí wọ́n ń pè ní DPF. Ẹ mọ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí wọ́n bá figi dáná? Irú ẹ̀ ni dísù máa ń tú jáde, fílítà yẹn ló sì ń gbà á dúró kó má baà bọ́ sójú títì. Tó bá ti ń kún, mọ́tò á fẹ́ jó nǹkan tó wà nínú ẹ̀ di eérú, àmọ́ kó tó lè rí i jó, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná gidi gan-an, bíi 600°C, á wá máa fọ́n dísù sí i kún èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ kó lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba kéèyàn sáré bíi ogójì máìlì sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, láìdúró, kí iṣẹ́ yẹn tó parí. Ẹ wá wò ó, láti Thamesmead dé Woolwich, iná dánjà mélòó lẹ máa bá pàdé? Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná tán tẹ́ ẹ ti ń wá ibi tẹ́ ẹ máa páàkì sí.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá mọ̀ ni pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó o tẹ́ ẹ sì pa á láàárín, dísù tó ti fọ́n tí ò rí jó yẹn máa ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní 2017 mo ra dísù kan fún ìyàwó mi, Abbey Wood la wà nígbà yẹn, ilé sí súkúrù, súkúrù sílé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní iná kan ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo ní kó máa wà á lọ jàre, èmi tí mo pe ara mi ní ẹni tó mọ mọ́tò! Lọ́jọ́ kan mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì tó yẹ kó wà láàárín àmì méjì ti gòkè kọjá àmì tòkè. Mo fi ìka méjì rà á, kò ki rárá, ó ń ṣàn bí omi, mo gbé e símú, dísù ló ń rùn. Ọ́ìlì kì í dédé pọ̀ sí i láyé, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń pọ̀ kẹ́ ẹ yáa bẹ̀rù. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí i, mọ́tò kọ̀ láti sáré lórí títì A2 lálẹ́ ọjọ́ Friday, ó ń wọ́ bí ìgbín, ọmọ méjì ń sunkún lẹ́yìn, tírélà ń fọn fèrè sí wa. £1,150 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó pààrọ̀ fílítà àti ọ́ìlì. Ẹnì kan tiẹ̀ ti kọ́kọ́ ní ká kàn yọ inú fílítà yẹn dànù, pé àṣírí ò ní tú. Mo ní rárá o, láti 2014 ni MOT ti ń já mọ́tò tí wọ́n bá ti yọ DPF ẹ̀.

Ti Manchester tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Ẹni tó ń fọ eyín lọ́jọ́ ọdún nìkan ńkọ́, ṣé eyín ẹ̀ mọ́?

Dartford_Driver

Ẹ má ba dísù lórúkọ jẹ́ jù o. Dísù lèmi ń wà, Dartford sí Birmingham lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí iṣẹ́, mo ń rin bíi máìlì 18,000 lọ́dún, iná DPF ò tíì tàn fún mi rí. Mọ́tò yẹn ò níṣòro, ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni kì í bá a mu.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí bàbá àwọn ọmọ ò ṣe. Ká ní pẹtiróòlù jẹ́ £1.35 ní lítà kan, tí dísù jẹ́ £1.42. Ká tún ní mọ́tò pẹtiróòlù ń rin ogójì máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí ti dísù ń rin máìlì márùndínlọ́gọ́ta. Fún máìlì 3,500 tẹ́ ẹ sọ yẹn, pẹtiróòlù máa jẹ bíi lítà 398, ìyẹn £537. Dísù máa jẹ lítà 289, ìyẹn £411 tàbí kó dín díẹ̀. Gbogbo èrè tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ò ju £126 lọ lọ́dún, kò tó £11 lóṣù. Fílítà kan ṣoṣo tí Baba_Spanner rà yẹn ti gbé èrè ọdún mẹ́sàn-án mì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má wá rò pé pẹtiróòlù kì í bínú sí ìrìn kúkúrú o. Bátìrì kì í ráyè gba iná dáadáa, omi máa ń dúró sínú sálẹ́ńsà á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá, torí náà ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọọdún, ẹ má wo ti máìlì tí ò pọ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn pẹtiróòlù kéékèèké tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì, tí bẹ́líìtì wọn ń yí nínú ọ́ìlì, tí bẹ́líìtì yẹn bá ti ń rà, èérún ẹ̀ ló máa lọ dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà, ẹ́ńjìnnì á sì lọ. Èyí tí ò ní tọ́bò rárá ni kẹ́ ẹ wá.

IyaIbeji_Thamesmead

Háà, £126? Èmi rò pé ó máa tó £600 ni o! Bàbá àwọn ọmọ kà á, ó ní kò burú, pé òun á máa gbé e lọ sórí títì márosẹ̀ M25 ní Saturday-Saturday kó lọ nà án kí fílítà ẹ̀ lè jó. Ẹni tí kì í dìde ní Saturday kó tó di aago mọ́kànlá o. Mo tún gbàgbé láti sọ, mọ́tò 2014 ni, ẹ́ńjìnnì 1.6, ó ti rin 88,000.

Omo_Ijebu_SE18

Kó máa jó epo ní Saturday kó lè fi ṣọ́ epo jẹ láti Monday dé Friday. Ìjẹ̀bú ni mí, a ò kí ń ṣe irú ìṣirò yẹn lọ́dọ̀ wa.

Egbon_Peckham

Ẹ dúró ná ẹ dúró ná. Dísù 2014, ní Thamesmead? Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ DPF, ẹnikẹ́ni ò sọ ti ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀ jù ní London!

Àbúrò mi, fetí sílẹ̀. Gravesend ò sí nínú London, ìdí nìyẹn tí bùrọ̀dá yín ò fi mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára. Àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù August 2023 ni wọ́n ti na ULEZ dé gbogbo London pátá, Thamesmead wà nínú ẹ̀. Kí mọ́tò pẹtiróòlù tó bọ́ lọ́wọ́ owó yẹn, Euro 4 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìyẹn òṣùwọ̀n èéfín mọ́tò, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jáde láti 2006 ló sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Dísù ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, láti September 2015 sókè lọ̀pọ̀ wọn ti jẹ́ ẹ. Ti 2014, àfi kí orí báni ṣe é. Tí ò bá ti bọ́, £12.50 ni lójúmọ́ téèyàn bá wà á, ì báà jẹ́ ilé sí ìta ṣọ́ọ̀bù lásán, ọjọ́ tó bá wà ní páàkì nìkan ni kì í sanwó.

Ọ̀rọ̀ tìẹ wá tún burú ju tàwọn yòókù lọ torí náìtì tó ò ń ṣe. Aago méjìlá òru ni wọ́n fi ń ka ọjọ́. O kúrò nílé ní aago méje alẹ́, o san ti òní. O ń bọ̀ wálé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, o tún san ti ọ̀la. Náìtì kan, owó méjì. Ká tiẹ̀ ní wọ́n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra wọn fún ẹ, Monday, Tuesday, Wednesday, ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn títí dé àárọ̀ Thursday, fi Sunday ti ṣọ́ọ̀ṣì kún un, ó di márùn-ún, £62.50 lọ́sẹ̀. Fi ṣe ọ̀sẹ̀ 48, £3,000 géérégé. Owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti mọ́tò yẹn gan-an lo fẹ́ máa san lọ́dọọdún! Tí wọ́n bá wá to náìtì yẹn ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan, gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lo máa san. Tó o bá gbàgbé láti san, £180 ni ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́, £90 tó o bá tètè san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ti road tax tó ní ó kéré yẹn, kò parọ́. Láti 2001 ni wọ́n ti ń fi CO2 díwọ̀n ẹ̀, dísù kì í sì í tú ìyẹn jáde tó pẹtiróòlù, ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa sáré ra dísù láyé ìgbà yẹn nìyẹn, èmi náà rà á. Kò sẹ́ni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ èéfín tó ń wọ àwọn ọmọ wa láyà nígbà náà. Lọ tẹ number mọ́tò yẹn sórí ìkànnì TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, kó o tó san kọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò gba ìṣẹ́jú kan. Má sì bá bùrọ̀dá yẹn jà o, ó lè má mọ̀.

Oluyole_Boy

Ẹ kú àárọ̀ láti Ìbàdàn o. Ẹ ṣàánú wa, £12.50 lójúmọ́ torí èéfín! Kí wọ́n wá wo Ìwó Road ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Lọ́dọ̀ wa níbí tẹ́nì kan bá pe dísù, jẹnẹrétọ̀ báńkì àti tírélà ló ní lọ́kàn. Ọ̀gá mi kan ra jíìpù dísù láti Belgium, Cotonou ló gbà wọlé, ó ní òun fẹ́ sá fún owó epo lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023. Kò ju oṣù mélòó kan tí fílítà tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn fi dí, torí dísù tiwa ò mọ́ tó tiyín. Mẹkáníìkì fi ayùn gé e jáde, ó jó páìpù lásán síbẹ̀. Iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù wá kọ̀ tí ò kú, ni wọ́n bá fi téèpù dúdú bò ó. Títí dòní téèpù yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀gá ní ó ti wò sàn.

Ẹ má sì sọ pé tó bá sú yín ẹ máa fi ránṣẹ́ sílé o, sítíárì tiyín wà lọ́wọ́ ọ̀tún, láti 1972 làwa ti kúrò nídìí ìyẹn.

IyaIbeji_Thamesmead

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo tẹ number ẹ̀, wọ́n ní a máa san. Mo kàn gbé fóònù fún bàbá àwọn ọmọ, mi ò sọ nǹkan kan. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó tún kà á. Ó wá ní ṣé ọbẹ̀ ti jinná.

Mo pe bùrọ̀dá wa náà, lóòótọ́ kò mọ̀, ó ní ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Gravesend lòun á tà á fún. Mo ti wá rí Toyota Yaris kan ní Erith, pẹtiróòlù 1.33, ti 2012, ó ti rin 61,000, £3,800 ni wọ́n ń pè é. Mo ti yẹ òun náà wò, kò ní san ULEZ. Kí ni kí n wò lára ẹ̀ tí mo bá débẹ̀?

Baba_Spanner

Ìyẹn dáa, ṣéènì ni tiẹ̀ ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, kò sì ní tọ́bò. Ẹ kọ́kọ́ wo ìtàn MOT ẹ̀ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí máìlì tó rìn lọ́dọọdún àti ohun tí wọ́n fi já a rí, tí máìlì yẹn bá lọ sílẹ̀ lọ́dún kan, ẹ má wulẹ̀ débẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì sítáàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́dọ̀ tutù. Tó bá gbóná, nǹkan kan wà tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ wò ó bóyá ìpẹtà ń jẹ abẹ́ ẹ̀, pàápàá sálẹ́ńsà.

Tó bá jẹ́ Saturday lẹ fẹ́ lọ, mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ láàárọ̀, mo lè pàdé yín ní Erith. Kí bàbá àwọn ọmọ náà wá, tó bá ti jí.