Asẹ́ ni, kì í ṣe ajọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dábàá pé kí á máa pe fíítà epo bàálù kékeré ní "ajọ̀ epo", kí wáyà tó ń di nọ́ọ̀tì rẹ̀ mú sì máa jẹ́ "wáyà ààbò". Ẹ má bínú sí mi, n kò lè gba méjèèjì.

Ní Òṣogbo níbí, ẹ bi ìyá ológì èyíkéyìí ní Ọjà-Ọba: èlùbọ́ là ń jọ̀, ògì là ń sẹ́. Bẹntiróòlù kì í ṣe ohun gbígbẹ. Asẹ́ epo ni.

Ti ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lójú ọ̀nà epo tún ju asẹ́ lọ. Àwọ̀n inú rẹ̀ ń gba ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n omi tó bá wọnú epo á rọ̀ sí ìdí ife náà, torí omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Kí awakọ̀ tó gbéra, á fa díẹ̀ nídìí rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́ gaara. Epo 100LL, irú bẹntiróòlù tí bàálù kékeré ń lò, ní àwọ̀ búlúù. Omi kò láwọ̀, á sùn sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Á tún un fà títí omi yóò fi tán. Ohun tí ìyá mi máa ń dúró dè lórí ògì nìyẹn, kí ó tòrò, àfi pé lórí ògì, òkè ni omi ń wà. "Kòlòbó ìtòrò" ni mo pè é. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ló yẹ kí òun wò.

Wáyà yẹn ló dùn mí jù. Kò bo nǹkan kan, báwo ló ṣe jẹ́ ààbò? Lẹ́yìn tí àwọn mẹkáníìkì bá fọ àwọ̀n, tí wọ́n dá ife padà, tí wọ́n sì rí i pé kò jò, wọ́n á ki wáyà tuntun bọ ihò ara nọ́ọ̀tì, wọ́n á lọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ibi tí kì í yí. Ọ̀nà tí nọ́ọ̀tì fi ń le ni wáyà gbọ́dọ̀ máa fà á sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, tí nọ́ọ̀tì fẹ́ tú, wáyà á dá a dúró, bí okùn ṣe ń dá ewúrẹ́ orí èèkàn dúró. Bí wọ́n bá wé e sódì, wáyà á wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì tú.

"Wáyà ìso" ni kí á pè é. Ẹni tó bá gbọ́ "ìso" á béèrè pé, "Mo so ó mọ́ kí ni?" Ìbéèrè tí a fẹ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé yóò dà pọ̀ mọ́ ìsọ̀ ọjà, ẹ jẹ́ kí á fi àmì sí i bó ti yẹ.