Ọmọ mi ń fi ẹnu mi bẹ̀rù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì lè dá a gbé mọ́.

Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi, ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló sì máa ń jókòó sí tó bá ti ilé ìwé dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta gun àpótí tí mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Kí n tó yíjú, ọmọbìnrin yìí ti gbé ọwọ́ méjèèjì láyà, ó figbe ta: "Yéè, mo kú o! O fẹ́ ṣubú, o fẹ́ fọ́ lórí! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ohùn mi ni. Bí mo ṣe máa ń fa "yéè" yẹn gùn gan-an ló ṣe fà á. Ọmọ tó wà lórí àpótí dúró dáadáa tẹ́lẹ̀ o. Igbe yẹn ló já a láyà tó fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò fara pa, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí oúnjẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu ara mi. Dọ́là gbówó lórí, mo ní "a ti kú". Oníbàárà ò gbé ìpè mi, mo ní "ó ti jẹ owó mi gbé". Ọmọ fẹ́ sọdá títì, mo ní "mọ́tò á gbá ẹ o". Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó ké ewì níwájú gbogbo ilé ìwé. Àràárọ̀ ló ń di inú mú pé òun máa gbàgbé, pé wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí ọ̀rọ̀ búburú kankan má jáde nínú ilé mọ́. Tí orí bá ń fọ́ ọmọ, kí ó yára ní "ara mi le koko". Tí ẹ̀rù bá ń bà á, kí ó ní "èmi kì í bẹ̀rù". A ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Lóòótọ́, kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́rin.

Èwo nínú ọ̀rọ̀ mi ni kí n jù nù, kí ni kí n sì fi rọ́pò rẹ̀?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Òkè-Báálẹ̀

Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá "ara mi le koko" yẹn dúró lónìí. Mo ti rí ọmọ kan lẹ́nu iṣẹ́ tí ọyún ń jáde létí rẹ̀. Bí mo bá bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ojú ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, á wá mi orí pé rárá. Wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í fẹnu kó àìsàn. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan etí náà ni omi dà lójú rẹ̀, kò sì pariwo.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣiṣẹ́ lára lóòótọ́. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010 lórí 140 aláboyún tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú. Wọ́n sọ fún apá kan pé ibẹ̀ á kú tipiri, ara á sì tù wọ́n. Wọ́n sọ fún apá kejì pé á dà bí ìgbà tí oyin ńlá bá ta wọ́n, pé ibẹ̀ ló burú jù. Abẹ́rẹ́ kan náà ni o. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi máàkì díwọ̀n ìrora láti 0 dé 10, máàkì àárín fún àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ 3, ti àwọn tí wọ́n dárúkọ oyin fún jẹ́ 5. Nítorí náà, mi ò sọ "ó máa dùn ẹ́ gan-an" fún ọmọdé mọ́. Mi ò sì parọ́ pé kò ní dùn ún. Ohun tí mo ń sọ ni "wàá mọ̀ ọ́n lára díẹ̀, jẹ́ ká jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta."

Ìyá Ìjọ

Ẹ má bínú sí mi. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ̀ẹ́. Èmi á ṣì máa kọ búburú, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ mi máa pe ẹ̀rù síra rẹ̀.

Ọmọ Mẹkáníìkì, Ọláìyá

Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n ṣáà ti mú sípánà ni, á ní "o máa já nọ́ọ̀tì yẹn o". Ọdún kan gbáko ni mo fi ń já nọ́ọ̀tì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ọ̀gá kejì ní, "Kọ́kọ́ fọwọ́ yí i títí á fi jókòó, kí o tó fi sípánà sí i." Ó tán. Mọ́mì, ohun tí ọmọ máa ṣe ni kí ẹ máa sọ. "Dúró, wo òsì, wo ọ̀tún, di ọwọ́ mi mú."

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìyá ọmọ, mo kí ọ. Ìyá Ìjọ náà kò jẹ̀bi, àwọn bàbá wa ń ṣọ́ ẹnu. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe ejò lórúkọ. Okùn là ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní: "Okùn wà lẹ́bàá àmù. Ẹ má sáré. Ẹ gbé àtùpà wá." Bí a ṣe rí i nìyẹn tí a fi pa á. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà kí àyà wa má bàa já, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí nǹkan kan lẹ́bàá àmù.

Bákan náà ni ṣọ̀pọ̀ná, ilẹ̀gbígbóná là ń pè é. Ẹni tí kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ náà tò sórí ìlà nígbà tí wọ́n wá gún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àpá rẹ̀ wà lápá mi di òní. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gbé àtùpà.

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn.

Mọ́mì, ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe sọ ọ́: ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi ló ń ṣe é sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí. A jẹun, ebi lọ. A sùn, oorun lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá ti pe ọmọ ní "ojo", ẹ̀rù kì í ṣe àlejò mọ́, ó ti di orúkọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo lé kúrò ní kíláàsì mi, mi ò lé "ẹ̀rù ń bà mí".

Lórí ewì náà: ní 2014, olùwádìí kan ní Harvard ní kí àwọn ènìyàn kọrin létí àwọn tí wọn ò mọ̀ rí, ẹ̀rọ ló ń fún wọn ní máàkì. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé ara àwọn ti wà lọ́nà gba bíi 81 nínú 100. Àwọn tó sọ pé àyà ń fo àwọn gba bíi 53. Àyà tó ń lù kì-kì-kì nígbà ẹ̀rù náà ló ń lù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń retí aṣọ ọdún. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ yìí kún un: "ara mi ti wà lọ́nà."

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kọ́kọ́ bẹ ọmọ mi, mo ní igbe tó ń ké yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ, a máa jọ fi sílẹ̀ ni. "Yéè" ṣì ń bọ́ lẹ́nu mi. Tó bá ti bọ́, mo máa ń fi "rọra" tì í lẹ́yìn, mo sì máa ń sọ ibi tí kó gbé ẹsẹ̀ lé.

Àná ló ké ewì. Lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó fà mí láṣọ: "Mọ́mì, ẹ̀rù ti dé o." Mo ní, "Níbo ló wà?" Ó gbé ọwọ́ mi lé inú rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bó ṣe ń lù. Mo ní, "Ó dé lóòótọ́. Ara rẹ ti wà lọ́nà nìyẹn." Ó ní, "Ṣé ó máa tẹ̀ lé mi gun orí pèpéle?" Mo ní, "Ó ṣeé ṣe. Jẹ́ kí ẹ̀rù náà dúró sẹ́yìn rẹ."

Ó gbàgbé ìlà kẹrin. Ó dákẹ́, ó wo ilẹ̀, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó padà sí ìlà kẹta, ó sì ké e dé òpin. Láti ọjọ́ karùn-ún sẹ́yìn, ibùsùn gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá, ìtàn okùn àti àtùpà yẹn ni mo máa sọ fún wọn.