Àbọ̀: ibi tí a lè lọ nígbà tí a bá ń bá onílé tọ́jú ajá ní Tucson

Mo béèrè lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ibi tí mo lè mú ajá onílé tí mo ń bá tọ́jú ajá lọ ní Tucson, Arizona, ní Amẹ́ríkà. Saguaro National Park, ọgbà ìjọba tó wà nínú aṣálẹ̀, ló yọrí: wọn ò gba ajá lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọn ò da ọ̀dà sí, àmọ́ wọ́n gbà á ní Desert Ecology Trail àti Desert Discovery Trail, pẹ̀lú okùn tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Bí ọ̀dà títì bá ta ẹ̀yìn ọwọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá 7, yóò bó ajá lẹ́sẹ̀.

Òòyà tí ẹ ní kí n mú dání wúlò gan-an. Bí ẹ̀gún cholla (igi ẹlẹ́gùn-ún kan ní aṣálẹ̀) bá lẹ̀ mọ́ ajá, ẹ ki eyín òòyà náà bọ abẹ́ ẹ̀gún ọ̀hún, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ yín ló máa lẹ̀ mọ́.

Arizona-Sonora Desert Museum kò gba ajá, inú ọkọ̀ sì gbóná ju ibi tí a lè fi í sí lọ. Ó kù kí n rí ẹni tó máa dúró tì í nílé. Ẹ ṣé o.