Ẹ̀yin tó ń ṣe quilting (kéèyàn rán aṣọ òkè, fóòmù àárín àti aṣọ abẹ́ pọ̀), kí ló ń jẹ́ kí òwú máa ta kókó lábẹ́ aṣọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì dé mo pa á tì pátápátá, àṣé ọwọ́ ò gbàgbé. Mo ti rán àjákù ankara pọ̀, mo fẹ́ fi ṣe bẹ́ẹ̀dì kọ́fà, mo wá ń kọ́ free motion, ìyẹn kéèyàn sọ eyín maṣíìnì tó ń fa aṣọ kalẹ̀ kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. (Ṣé kì í ṣe nǹkan táwọn tó ń ṣiṣẹ́ sọ́rùn agbádá ti ń ṣe látọjọ́ yìí náà nìyẹn? Wọn kì í tiẹ̀ lo ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rárá!)

Òkè ń dáa o, àmọ́ tí mo bá yí i padà, òwú ti ta kókó sábẹ́, pàápàá níbi tí mo bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Mo ti tún òwú ki, mo ti fi abẹ́rẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 90/14 sí i, mo ti fún òwú òkè le díẹ̀, ó dín kù ṣùgbọ́n kò lọ. Àbí ọwọ́ mi ló ń yára ju ẹsẹ̀ lọ?

Ẹ tún bá mi wò ó, ṣé kí n ra fóòmù àárín tó jẹ́ kọ́tìnì ni àbí pọlíẹ́sítà? Pọlíẹ́sítà ò wọ́n, àmọ́ ó máa ń wú lábẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ti fi maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.