Ó ti yanjú: kóòdù mi tó ń pe 16 ní àpọ̀jù

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Kóòdù tí mo gbé wá lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń ro àwọn nọ́ḿbà tó pín òǹkà kan láìṣẹ́kù pọ̀, láìka òǹkà náà fúnra rẹ̀, kó tó pè é ní pípé (àròpọ̀ náà bá a dọ́gba), àpọ̀jù (àròpọ̀ náà jù ú lọ) tàbí àìtó (àròpọ̀ náà kò tó o), ti ń ṣiṣẹ́. Méjì-méjì ni mo ń kó wọn, bíi 2 pẹ̀lú 8 torí 2 × 8 jẹ́ 16, kó lè yá. Àṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ka 4, torí 4 × 4 náà jẹ́ 16! 1+2+4+8 jẹ́ 15, kò tó 16. Tèmi ń mú 19 wá. 9 àti 25 kò fi àṣìṣe náà hàn, torí àìtó náà ni wọ́n ṣì jẹ́ bí mo tiẹ̀ ka 3 tàbí 5 lẹ́ẹ̀mejì; ìyẹn ló dà mí láàmú jù. Àbúrò mi ní Tanke, ní Ìlọrin, ló fi ọmọ ayò tò ó sílẹ̀ tí ojú mi fi là. 6, 28, 496 àti 8128 ti jáde geere ní pípé. Ẹ ṣeun gan-an ni.