Táǹkì epo Chevrolet C10 ọdún 1969: kí n tún un ṣe ni, àbí kí n pààrọ̀ òun àti páìpù rẹ̀?

Akẹ́rù_Àtijọ́ kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Chevrolet C10 ọdún 1969 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 250 onísílíńdà mẹ́fà, oníkàbúrétọ̀. Táǹkì tó bá ọkọ̀ wá ló ṣì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìn àga nínú kábù, tí ẹnu ibi tí à ń gbà rọ epo yọ síta lẹ́yìn ilẹ̀kùn awakọ̀.

Wàhálà mi pé méjì. Àkọ́kọ́ ni òórùn epo. Tí mo bá rọ ọ́ kún, tí mo wá yà ní kọ́nà, òórùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi bọ́ sílẹ̀. Tí epo bá ti lọ sí ìlàjì, n kì í gbọ́ ọ mọ́. Èkejì: ọkọ̀ á sáré dáadáa fún bí ìdajì wákàtí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tìkọ̀, á sì kú. Kí n dúró díẹ̀, á tún stát bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo ti pààrọ̀ asẹ́ epo, púm̀pù tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà sì jẹ́ tuntun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìpẹtà sì ń ṣí ní abala-abala.

Wẹ́dà kan ní kí n gbé e wá kí òun jó o. Ẹlòmíràn ní kí n ra kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú táǹkì tó máa ń bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn tèmi ni kí n pààrọ̀ táǹkì àti gbogbo páìpù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n sì gbé táǹkì tuntun sí abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Sípánà kọ:

Àbúrò, o kú ìfaradà. Kí á tó sọ nǹkan mìíràn, má ṣe gbé táǹkì yẹn dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kankan. Àwọn èèyàn rò pé táǹkì tó ṣófo kò léwu. Òun gan-an ló burú ju èyí tó kún lọ, torí pé oru epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Kó o fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, epo tó ti wọ abẹ́ ìpẹtà á ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí iná. Àwọn tó fi èyí ṣe iṣẹ́ jẹ lọ́nà ti wọn, ẹni tó ní kó o ṣáà máa gbé e bọ̀ kò sí lára wọn.

Ní ti kẹ́míkà, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tó ti ń ṣí kì í dì í mú. Orí abala ìpẹtà ló máa lẹ̀ mọ́, tó bá sì yá, àwọn méjèèjì á jọ ṣí bọ́ sínú asẹ́ rẹ. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kò sí táǹkì rẹ̀ mọ́ láyé, ó yé mi. Wọ́n ṣì ń ṣe táǹkì tuntun fún C10 ọdún 1967 sí 1972. Kí ló wá dé?

Ó wá ku kíkú tó ń kú. Èmi ò rò pé táǹkì ló ń pa á. Tó bá tún kú, má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ sí ìdérí táǹkì, rọra tú u, kó o gbé etí sún mọ́ ọn. Tó o bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé fììì, tí ọkọ̀ sì stát lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè. Ìdérí ni táǹkì ọkọ̀ ìgbà yẹn ń gbà mí. Bí púm̀púù ṣe ń fa epo jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìdérí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn ìgbà náà dí pa, torí pé ọkọ̀ wọ̀nyẹn ní ọ̀nà mìíràn tí táǹkì ń gbà mí. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ dé C10 ti fún un lọ́rùn. Púm̀púù á fà títí kò fi ní lè fà mọ́. Tó o bá wá dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á jò wọlé, ọkọ̀ á jí.

Tí kò bá dún fììì, wo àwọn rọ́bà. Láti táǹkì dé púm̀pù, fífà ni wọ́n ń fa epo, kò sẹ́ni tó ń tì í. Nítorí náà, ihò tó bá wà níbẹ̀ lè má kán tótó kan sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà mu. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan. Tẹ gbogbo họ́ọ̀sì kéékèèké tó wà láàárín, ká wọn, wò bóyá wọ́n là. Ara rẹ̀ lè máa dán lóde kí inú rẹ̀ ti wú pa. Yọ ọ̀kan, fi ọ̀bẹ là á ní gígùn rẹ̀. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo òde òní kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe rọ́bà 1969 fún.

Òórùn ní tirẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn. Tó bá kún ló ń rùn, tó bá dé ìlàjì kò rùn: òkè ló ti ń jò. Wo gáásíkẹ́ẹ̀tì gééjì (ohun tó ń wọn epo) tó wà lórí táǹkì àti rọ́bà ọrùn ibi tí à ń rọ epo sí.

Ọmọ_Wáyà kọ:

Ọ̀rọ̀ gééjì nìkan ni tèmi. Ti C10 yìí, ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná) 0 ni kò sí epo, ohm 90 ni ó kún. Má ra ti Ford ìgbà náà, òdì sí èyí ló ń kà. Kó o tó gbé gééjì sínú táǹkì, so wáyà méjèèjì mọ́ ọn, fọwọ́ gbé fúlóòtì rẹ̀ sókè sódò, kó o wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Táǹkì tuntun tí wọ́n kùn lọ́dà, tó sì jókòó lórí rọ́bà, kì í ní earth, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà pa dà sára irin ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gééjì á kọjá F, á sì jókòó síbẹ̀. Fa wáyà earth kan láti ara rẹ̀ lọ sí irin ṣásì.

Akẹ́rù_Àtijọ́ kọ:

Bàbá Sípánà, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn! Ó dún fììì! Ìdérí tí ẹni tó tà á fún mi fi síbẹ̀ kò ní ihò kankan. Mo ti ra èyí tó ń mí, ọkọ̀ ò kú mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ìpẹtà yẹn nínú ọkọ̀ mi mọ́, mo ṣì máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo páìpù kọ́pà, pé ó rọrùn láti ká. Ẹ kò sì tíì dá mi lóhùn lórí gbígbé e sábẹ́.

Bàbá Sípánà kọ:

Kọ́pà lásán, rárá o. Gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń mú kó le, tó bá le tán, á là. Èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì pò mọ́ kọ́pà ni kó o bèèrè: ọwọ́ lásán lo lè fi ká a, kì í sì í dípẹtà. Irin náà dára, àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù. Má ju páìpù àtijọ́ nù. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó o máa ká tuntun sí àwòrán rẹ̀. Jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kó o sì fi kílíìpù onírọ́bà dè é mọ́ ṣásì kó má baà máa gbo.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ẹnu páìpù. Gé e pẹ̀lú ohun ìgépáìpù, má lo ayùn. Fá inú ẹnu rẹ̀ kí èérún irin má kù síbẹ̀. Ti nọ́ọ̀tì wọ páìpù kó o tó fẹ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé á gé e, á tún un ṣe. Ẹnu tí a ṣẹ́ léra ní ìlọ́po méjì, ní ìgun dígíríì 45, ni kó o ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn, má we téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mọ́ ọn. Ẹnu tó fẹ̀ yẹn ló ń dí epo, kì í ṣe eyín inú nọ́ọ̀tì, èérún téèpù á sì lọ há sínú kàbúrétọ̀. Níbi tí rọ́bà bá ti pàdé páìpù, jẹ́ kí ẹnu páìpù wú díẹ̀, kí kílíìpù jókòó sẹ́yìn ibi tó wú. Rọ́bà tó ní SAE 30R9 (àmì rọ́bà epo) lára ni kó o rà. Tí ọ̀kan bá máa rì sínú epo nínú táǹkì, 30R10 ni, òmíràn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Gbígbé táǹkì sábẹ́? Èmi fara mọ́ ọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìwọ ń fi epo sẹ́yìn àga. Àárín irin ṣásì méjèèjì, lẹ́yìn áásù, ni kó o gbé e sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo táǹkì Blazer, ọkọ̀ Chevrolet mìíràn, ti ìgbà kan náà níbẹ̀. Má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ṣásì lóde. GM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Chevrolet, fúnra rẹ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwòṣe 1973 dé, ẹjọ́ àti àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e nítorí iná nínú ìkọlù kò kéré. Ọrùn ibi tí à ń rọ epo gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀ lọ tààrà, láìsí ibi tó ti wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo á máa tú sí ọ lára tó o bá ń rọ ọ́.

Ẹlẹ́rù_Agídí kọ:

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò gbà. Ẹ̀yìn àga ni wọ́n dá a sí, ẹrẹ̀ àti òkúta ò dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ táǹkì abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti rí tí ẹrẹ̀ lórí rẹ̀ jẹ ihò sí. Gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, rọ́bà ọrùn tuntun, òórùn á lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tí a bá ti tú gbogbo rẹ̀ pa dà, kí ló kù nínú rẹ̀?

Bàbá Sípánà kọ:

Ẹlẹ́rù, ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Ẹni tó bá gbé e sábẹ́ gbọ́dọ̀ máa fọ orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ yàn.

Akẹ́rù, èyí tó wù kó o mú, jẹ́ kí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, má ṣe é nínú gáréèjì, torí oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ wá iná. Tú bátìrì kó o tó tú ohunkóhun. Tó o bá so gbogbo rẹ̀ tán, fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù, kó o sì jẹ́ kí epo àkọ́kọ́ dà sínú agolo, má jẹ́ kó dé kàbúrétọ̀. Gálọ́ọ̀nù kan péré ni kó o kọ́kọ́ rọ. Nu gbogbo oríkèé gbẹ, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá fi tíṣù funfun kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó bá rẹ tíṣù, tún un ṣe kó o tó rọ epo kún un.